Má Pèsè fún Ara: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìdẹwò Ìbálòpọ̀

Àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa n'Íbàdàn. Páálí mílíìkì ni tẹ́lẹ̀. A lu ihò sí i lórí, a fi sẹ́lótéèpù dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tí ojú ń tì í láti bi lójú ayé, á kọ ọ́ sórí ìwé láìkọ orúkọ, á jù ú sínú rẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó ilé-ìwé ni màá bá níbẹ̀. Bí mo ṣe tú u lọ́sẹ̀ kìíní, ìwé 14 ló jáde, 11 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀.

Èmi kì í ṣe olùṣọ́-àgùntàn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo sì ti ń kọ́ kíláàsì ọ̀dọ́ àti ti àwọn tó fẹ́ gbéyàwó fún ọdún 21. Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá jù nìyí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tàbí bí mo ṣe rántí rẹ̀.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn rí ìdẹwò?

Rárá. Wọ́n dán Jésù fúnra rẹ̀ wò. Hébérù 4:15 sọ pé a dán an wò lọ́nà gbogbo bíi tiwa, kò sì dẹ́ṣẹ̀. Pé arẹwà kan kọjá tí ojú rẹ sì rí i, ìyẹn ò la ẹjọ́ lọ. Ìgbà tí ojú bá padà lẹ́ẹ̀kejì, tí ọkàn fa àga tó jókòó tì í, ibẹ̀ lẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Jákọ́bù to ọ̀rọ̀ náà bí ìran (1:14-15): ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ a lóyún, a bí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà á dàgbà, á wá bí ikú. Ẹ kíyè sí oyún tó wà láàárín yẹn. Oyún kì í yọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkómọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ké pe Ọlọ́run.

Mo ń gbàdúrà, mo ń gbààwẹ̀, mi ò pa ìṣọ́ òru jẹ. Kí ló dé tí mo ṣì ń ṣubú?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù nínú àpótí, òun náà ló ń dùn mí jù, torí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kì í ṣe aláwàdà. Ohun tí mo rí láti gbogbo ọdún yìí wá ni pé a ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kí ara jẹun, àwa kan náà la sì ń dáná fún un. Ẹni tó gbé ẹran ìgbẹ́ kaná, tó kúnlẹ̀ ti ìkòkò, tó ń gbàdúrà pé kí òórùn rẹ̀ má kan òun nímú, kí la fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún un?

Pọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ nínú Róòmù 13:14: "Ẹ gbé Jésù Krístì Olúwa wọ̀, kí ẹ má sì pèsè fún ara, láti máa mú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣẹ." Má pèsè. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná nìyẹn. Ẹni tó ń pèsè ni ẹni tó ti lọ ọjà láàárọ̀ nítorí oúnjẹ alẹ́.

Ẹsẹ yìí gan-an ló mú Augustine, ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí. Ọkùnrin náà mọ̀wé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin ló so ó mọ́lẹ̀. Ó bá obìnrin kan gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣègbéyàwó, wọ́n bí ọmọkùnrin kan. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà èwe òun, àdúrà tí òun ń gbà ni pé kí Ọlọ́run fún òun ní ìwà mímọ́, ṣùgbọ́n kó má tíì jẹ́ báyìí. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú wa ni kò tíì gba irú rẹ̀ rí?) Lọ́dún 386, nínú ọgbà ilé kan ní ìlú Milan ní Ítálì, ó ń sunkún lábẹ́ igi, ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan tó ń kọrin pé kó mú un, kó kà á. Ó ṣí ìwé Pọ́ọ̀lù, ibi tí ojú rẹ̀ bà lé ni "ẹ má sì pèsè fún ara." Ó padà di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, ipò yẹn ló sì wà tó fi kú lọ́dún 430.

Ẹ wá wo Dáfídì. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé Dáfídì ò mọ àdúrà gbà, sáàmù rẹ̀ là ń kà títí dòní. Ẹ fara balẹ̀ ka 2 Sámúẹ́lì 11. Ẹsẹ kìíní: àsìkò tí àwọn ọba ń lọ sógun ni, ó rán Jóábù lọ, òun jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Ẹsẹ kejì: ó dìde lórí ibùsùn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń jí nírọ̀lẹ́! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lórí òrùlé ààfin, ó rí obìnrin tó ń wẹ̀. Títí dé ibẹ̀, kò tíì bàjẹ́. Ẹ má sì di ẹrù náà lé Bátíṣébà lórí, ẹni tó ń wẹ̀ kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ kẹta ni Dáfídì ránṣẹ́ béèrè ẹni tó jẹ́. Wọ́n sọ fún un kedere pé ìyàwó Ùráyà ni. Ibi tó ti lè yí padà kò níye, gbogbo rẹ̀ ló gbà kọjá.

Nítorí náà, ọmọ mi, ó lè máà jẹ́ pé àdúrà rẹ ò lágbára. Ó lè jẹ́ pé ohun tó o ti pèsè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lò ń gbàdúrà lé lórí láàárín òru. Nígbà tí Jésù kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọgbà Gẹtisémánì, "Ẹ máa ṣọ́nà" ló kọ́kọ́ sọ, "kí ẹ sì máa gbàdúrà" ló tẹ̀ lé e. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Mo tiẹ̀ mọ ẹni méjì tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ìṣọ́ òru ni ìdẹwò ti bá wọn, nígbà tí wọ́n ń sin ara wọn lọ sílé ní aago mẹ́rin ìdájí.

Fóònù ni tèmi, Dádì. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀ tì í, ó ti parí.

Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa, tó ti fún mi láyè láti sọ ọ́, to alẹ́ ọjọ́ kan fún mi wákàtí sí wákàtí. Aago mẹ́sàn-án, ó ka Bíbélì. Aago mẹ́wàá àbọ̀, wọ́n múná lọ, ooru mú, kò lè sùn. Ó mú fóònù láti wo iye tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí. Láti ibi bọ́ọ̀lù, ó bọ́ sórí fídíò apanilẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jó. Láti ibẹ̀, mi ò ní sọ ìyókù. Nígbà tó máa gbójú sókè, ó ti lé ní aago méjì, iná ti dé tipẹ́, fáànù ń fẹ́ lé e lórí, kò mọ̀.

Mo bi í pé níbo gan-an ló ti ṣubú. Ó ní orí fídíò tó kẹ́yìn ni. Mo ní rárá o, ọjọ́ tó o ra dátà òru ni. Ẹ mọ dátà tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, tó jẹ́ pé ọ̀gànjọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ tí ilẹ̀ bá sì ti mọ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́? Iṣẹ́ kí lo fẹ́ fi ṣe? Bó o bá ní iṣẹ́ gidi tó o fẹ́ fi ṣe, ó dáa. Bó ò bá ní, o ti lọ ọjà fún ara nìyẹn.

Fóònù kò gbọ́dọ̀ sun inú yàrá. Bó bá jẹ́ torí kó lè jí ọ láàárọ̀ ni, ra aago kékeré tó ń dún. Lórí WhatsApp, wọ ibi ètò rẹ̀, kó o pa ohun tó ń jẹ́ kí fọ́tò àti fídíò máa wọlé fúnra wọn, torí ìdajì ìdọ̀tí tó wà lórí fóònù ẹlòmíì ni kò wá, wọ́n gbé e wọ inú gúrúùpù ni. Tan SafeSearch lórí Google, tan Restricted Mode lórí YouTube. Wọn kì í dí gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ń dí ẹnu ọ̀nà tí a kì í mọ̀ pé a ti gbà wọlé. Kí ẹnì kan tó dàgbà jù ọ́ sì mọ nọ́ńbà tó ń ṣí fóònù rẹ.

Ọmọkùnrin yẹn ní tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń gbé fóònù fún lálẹ́. Mama náà, tí kò tiẹ̀ mọ gbogbo ìtàn, ń tẹ̀ ẹ́ sínú ike gàárì. Ọmọ náà sọ fún mi pé òun dán an wò lẹ́ẹ̀kan, òun yọ ọ́ lóru. Gàárì ti kó sínú ihò tí wọ́n ń ki wáyà sí. Ilẹ̀ mọ́, mama mú fóònù, ó gbọ̀n ọ́n, gàárì ń dà sílẹ̀, ó kàn wò ó láìsọ nǹkan kan. Ó ní wíwò yẹn ju ìwàásù lọ.

Fífi ọwọ́ tẹ́ ara ẹni lọ́rùn ńkọ́? Ṣé Bíbélì dárúkọ rẹ̀?

Kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan máa ń fa ìtàn Ónánì yọ nínú Jẹ́nẹ́sísì 38, ṣùgbọ́n ẹ ka gbogbo rẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ Ónánì ni pé ó kọ̀ láti bímọ dúró fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú, bẹ́ẹ̀ ó ń wọlé tọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ tìrẹ wà ni Mátíù 5:28, níbi tí Jésù ti sọ nípa ẹni tó ń wo obìnrin láti ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ sí i. Ọwọ́ kì í dá nìkan ṣe é, ọkàn ti ń gbé àwòrán wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún ọmọ pé ojú rẹ̀ á fọ́ tàbí pé kò ní bímọ. Irọ́ ni. Ọjọ́ tó bá mọ̀ pé irọ́ ni, á kó òtítọ́ yín dànù mọ́ ọn.

Àdúrà wo ni kí n máa gbà?

Kúkúrú, tó sì dárúkọ nǹkan. Àdúrà tó ń sọ pé "Olúwa, sọ mí di mímọ́" dáa, ṣùgbọ́n kò kan ẹsẹ̀ rẹ níbi kankan. Jóòbù ní òun ti bá ojú òun dá májẹ̀mú (31:1). Ojú ló dárúkọ. Ìwọ náà dárúkọ ojú, yàrá, wákàtí, ènìyàn.

Èyí tí mo máa ń kọ́ wọn nìyí, kí wọ́n gbà á ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ara kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀:

*Olúwa, alẹ́ òní ni mo gbé wá. O mọ ibi tí mo ti ṣubú lánàá, o sì mọ ohun tó mú mi débẹ̀. Mo fi ojú mi lé ọ lọ́wọ́, mo fi fóònù mi lé ọ lọ́wọ́, mo fi ilẹ̀kùn yàrá mi lé ọ lọ́wọ́. Bí mo bá ń wá àwáwí láti lọ síbi tí kò yẹ, dà á rú mọ́ mi lójú. Bí ó bá rẹ̀ mí, jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá dá nìkan wà, rán mi létí ẹni tí mo lè pè. Má fà mí sínú ìdẹwò lálẹ́ yìí. Nítorí Jésù. Àmín.*

Bó bá wá dójú ẹ̀, tí kò sí àyè fún àdúrà gígùn, ọ̀rọ̀ Pétérù ń bẹ, nígbà tó ń rì sínú omi: "Olúwa, gbà mí." Kò fi Hálelúyà bẹ̀rẹ̀.

Há ẹsẹ kan sórí pẹ̀lú. Sáàmù 119:11 sọ ìdí rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ sí ọkàn ló ń dènà ẹ̀ṣẹ̀. Ẹsẹ tó wà nínú Bíbélì tó wà nínú báàgì, báàgì ló ń ṣọ́.

Bí mo bá ti wà nínú yàrá náà ńkọ́?

Sá. Mi ò sọ pé kó o dìde dúró kó o bá ẹ̀mí náà wí. Àwọn ọmọ wa máa ń pa nǹkan méjì pọ̀. Èṣù ni Jákọ́bù 4:7 ní kí a kọjú ìjà sí. Àgbèrè, "ẹ máa sá fún" un ni Pọ́ọ̀lù wí (1 Kọ́ríńtì 6:18). A wá yí i po: a ń sá fún èṣù, a sì ń dúró wo àgbèrè lójú.

Lọ́dún 1990, mo jẹ́ kọ́pà ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé tí àwọn yàrá ti kọjú síra wọn. Obìnrin tó wà ní yàrá òdìkejì ní kí n wá bá òun wo rédíò òun tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo bọ́ sálúbàtà mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú yàrá rẹ̀, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ ni. Mo ti tú ẹ̀yìn rédíò náà nígbà tí òjò dé, irú òjò tó máa ń lu páànù tí a kì í gbọ́ ara wa mọ́. Iná lọ. Ó tan àtùpà, ó sì ti ilẹ̀kùn torí ìrì òjò ń fẹ́ wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù.

Mo dìde. Mo ní mo gbé ẹ̀wà kaná. Irọ́ ni, mo sì tọrọ ìdáríjì fún irọ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbé ẹsẹ̀ lásán bọ́ sínú omi tó ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sálúbàtà mi wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ onílé ni mo padà rán láti bá mi gbà á. Rédíò náà, mi ò mọ ẹni tó bá a tún un ṣe. Mi ò sì sọ pé obìnrin yẹn ní nǹkan búburú lọ́kàn o. Ó lè jẹ́ rédíò nìkan ló ń rò. Ara tèmi ni mo mọ̀.

Jósẹ́fù fi aṣọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó Pọ́tífárì, "ó sì sá, ó bọ́ sóde." Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ wàásù lé lórí nínú Jẹ́nẹ́sísì 39 ni ẹsẹ 10: ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń bá a sọ ọ́, Jósẹ́fù ò sì gbà láti tiẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti ń sá kí ọjọ́ aṣọ tó dé. Wọ́n ṣì jù ú sẹ́wọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ẹni tó bá sá, gbogbo ènìyàn ló máa pàtẹ́wọ́ fún un.

A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́, ìgbéyàwó ku oṣù mẹ́jọ. Ibo ni ká mú un dé?

Ẹni tó ń béèrè ibi tí bèbè kòtò parí sí, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí ni. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni: ta ló mọ ibi tí a wà báyìí, ìgbà wo ló ń retí wa? Ẹ má sùn sọ́dọ̀ ara yín, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ gosiló. Ẹ jókòó sí pálọ̀ àwọn òbí, ẹ jọ lọ ọjà, ẹ jọ jẹ àmàlà ní bùkà tí èrò wà. Àfẹ́sọ́nà tí kò tíì rí ọ nínú ooru bùkà kò tíì mọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú àwọn òbí. Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù mẹ́jọ? Mo bi àwọn méjì kan léèrè, ìdáhùn wọn ni pé owó gbọ̀ngàn kò tíì pé, àwọn mọ̀lẹ́bí ò sì tíì fẹnu kò lórí aṣọ ẹbí. Pọ́ọ̀lù ní ó sàn láti gbéyàwó ju kéèyàn máa gbóná lọ (1 Kọ́ríńtì 7:9). Kò sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Bí ọmọ méjì bá ti tó ọkọ tó ìyàwó, tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ìjọ ti mọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ìrẹsì díẹ̀ so wọ́n pọ̀ kí wọ́n máa lọ ilé wọn. Wọ́n ti bú mi torí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò tíì yí i padà.

Mo máa ń bá ẹnì kan lò pọ̀ lójú àlá. Wọ́n ní ọkọ ẹ̀mí ni. Ṣé kí n lọ fún ìtúsílẹ̀?

Fara balẹ̀. Ara ènìyàn, ọkùnrin àti obìnrin, máa ń lá irú àlá yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an sí i. Òfin Mósè mọ̀ nípa ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin lóru. Diutarónómì 23:10-11 ní kó kúrò ní ibùdó, kó wẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kó padà wọlé bí oòrùn bá wọ̀. Omi ni wọ́n ní kó fi wẹ̀. Kò sí ẹbọ, kò sí ètùtù.

Mi ò sẹ́ pé ogun ẹ̀mí wà. Gbàdúrà kó o tó sùn, wo ohun tó o ń wò kó o tó sùn pẹ̀lú. Bó bá ń dà ọ́ láàmú, jẹ́ kí olùṣọ́-àgùntàn tó o mọ ìwà rẹ̀ gbàdúrà fún ọ, ní gbangba, kí ìyá ìjọ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun gbọ́dọ̀ wẹ̀ ọ́ létí odò lóru, tàbí pé kó o dá wá láìsọ fún ará ilé, tàbí tó dá iye owó, òun gan-an ni ogun náà.

Ọkọ mi ti wà ní ìlú ọba láti ọdún mẹ́ta. Mo jẹ́ Kristẹni, ṣùgbọ́n èèyàn ni mí.

Màmá, òótọ́ lẹ sọ, ẹ ò dẹ́ṣẹ̀ ní sísọ ọ́. 1 Kọ́ríńtì 7:5 kò fi bò: kí tọkọtaya má fi ara wọn du ara wọn, àfi kó jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ fohùn ṣọ̀kan, fún ìgbà díẹ̀, torí àdúrà, kí wọ́n sì tún padà pọ̀, kí Sátánì má bàa dán wọn wò. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ìgbà díẹ̀. Owó tó ń wọlé lóṣooṣù kì í dì mọ́ ni lóru.

Ẹ pe ọkọ yín, ẹ má sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yìí fún un, bẹ́ẹ̀ náà gan-an. Kẹ́ ẹ jọ dá ọjọ́ tí ẹnì kan máa wá bá ẹnì kejì. Tí kò bá sí ọjọ́, ìlérí ni, kì í ṣe ètò. Ní tiyín níbí, ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin rere tó ń bá yín gbé ọmọ láti ilé-ìwé. Mo ní rere, torí ẹni burúkú ò lè tàn yín. Ẹ má fi ẹjọ́ ọkọ yín sun ọkùnrin kankan. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Olùkọ́ mi ní yunifásítì ní bí mi ò bá wá sí yàrá òun, òun máa já mi nínú ìdánwò. Báwo ni mo ṣe máa borí ìdẹwò yìí?

Ìdẹwò kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Ìfìyàjẹni ni. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í ṣe tìrẹ, kì í ṣe ìwọ ni wàá gbààwẹ̀ rẹ̀. Tọ́jú gbogbo ohun tó bá kọ ránṣẹ́ sí ọ, má dá nìkan lọ bá a, sọ fún òbí rẹ lónìí, kẹ́ ẹ jọ gbé e lọ sílé-ìwé. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí tó bá jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, tàbí wòlíì. Kò yí padà torí pé ẹni náà ń wọ aṣọ funfun.

Bí wọ́n bá ti fi tipá bá ènìyàn lò pọ̀, kó lọ ilé ìwòsàn kó tó lọ ìpàdé àdúrà. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò ní wúlò mọ́ tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Ní Èkó, Mirabel Centre tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH n'Ìkẹjà ti ń tọ́jú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ láti 2013, òfin VAPP tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015, náà sì ń bẹ. Ìjọ tó bá ní kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ torí orúkọ Ọlọ́run, orúkọ tara wọn ni wọ́n ń bò.

Mo ti sọ ìbálé mi nù. Ṣé mo ṣì lè pe ara mi ní mímọ́?

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá bá ìyàwó nílé, ìṣáná tó kún dẹ́nu àti ẹmu tó kún agbè ni ìdílé ọkọ máa ń fi ránṣẹ́ sáwọn òbí rẹ̀. Bí wọn ò bá bá a, ìṣáná ìdajì, ẹmu ìdajì. Ìyá ìyàwó á ti rí i láti òkèèrè. Mi ò fi àṣà náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ohun tó dáàbò bò. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti máa ń rò ó pé ta ló ń ka ìṣáná ti ọkùnrin?

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú Jòhánù 8. Wọ́n ní àwọn mú obìnrin kan nínú panṣágà gan-an, òun nìkan ni wọ́n fà wá. Ọkùnrin ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Jésù bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ̀wé sílẹ̀, àwọn tó kó òkúta wá ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà ló ṣáájú. Ó wá sọ fún un pé òun náà kò dá a lẹ́bi, kó máa lọ, kó má dẹ́ṣẹ̀ mọ́. Kò ka ìṣáná. Ohun tí Dáfídì tọrọ nínú Sáàmù 51 ni "àyà títun", kò ní kí Ọlọ́run fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó ti ya.

Ṣé dandan ni kí n jẹ́wọ́ fún ènìyàn?

Ọlọ́run ló ń dárí jì. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù 5:16 ní kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa fún ara wa, kí a sì máa gbàdúrà fún ara wa, kí a lè rí ìwòsàn, ìwòsàn yẹn ló ṣòro fún ẹni tó dá wà. Wá ẹnì kan ṣoṣo: ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, tó jù ọ́ lọ, tí o kò tíì gbọ́ àṣírí ẹlòmíì lẹ́nu rẹ̀ rí. Kì í ṣe orí pẹpẹ, níwájú èrò. Kì í sì ṣe ọ̀rẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ṣubú, Jónádábù ọ̀rẹ́ Ámínónì, tó kọ́ ọ ní bó ṣe máa tan Támárì àbúrò rẹ̀ wọ yàrá (2 Sámúẹ́lì 13), náà fetí sílẹ̀ dáadáa.

Bí mo bá ti gbéyàwó, ṣé ó máa tán?

Dáfídì ní ju ìyàwó kan lọ lọ́jọ́ tó gòkè òrùlé yẹn.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Dádì? Ẹ ti dàgbà, ẹ máa sọ òótọ́.

Mo ti lé ní 60. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé bí irun bá ti ń funfun, ọ̀rọ̀ yìí á ti tán. Kò tán. Ó dínkù ní ariwo, ó pọ̀ sí i ní ọgbọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí mo kọ́ ní ilé-ìwé girama ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn kí mi lórí Facebook, ó ní òun ò gbàgbé mi. Kíkí lásán ni. Ṣùgbọ́n mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kẹta ni mo pe ìyàwó mi pé kó wá bá mi kà á. Ó kà á tán, ó ní, "Ẹ dá a lóhùn níṣojú mi." Èmi ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ó fi orúkọ tirẹ̀ kún un nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìkíni sí ọkọ àti àwọn ọmọ ẹni náà.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta báyìí. Orí fíríìjì ni fóònù tèmi ń sùn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó mi, ó sì ti pè mí lẹ́ẹ̀kan.